Agogo Òkú Lọ́jọ́ Ariwo

Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Èmi Aldéa, aya Médric ọmọ Fidèle ọmọ Livain, ni mo ní ká máa gbé àwọn àlejò lọ sójú òkun lọ́jọ́ Ariwo, kí wọ́n lè gbọ́ bí ìlú wa ṣe ń dún láti orí omi. Mo kọ ọ́ sára pátákó pẹ̀lú ọ̀dà pupa, mo sì gbé e síwájú ìsọ̀ tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi débi pé mo ya fọ́tò pátákó náà.

Kí ni kí a ṣe? Akàn kò pọ̀ mọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo fi yọ ẹran akàn ní ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Igba obìnrin ni wá nígbà kan, àmọ́ lọ́dún tó kọjá a kò pé ọgọ́ta, a sì ń wá wákàtí iṣẹ́ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, nítorí ó dìgbà tí wákàtí wa bá pé kí ìjọba tó fún wa ní owó tí a ó fi la òtútù já. Edé ńlá ni Médric ń fi ìgèrè mú láti oṣù karùn-ún. Kí oṣù kẹfà tó parí, ìgèrè ti wà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ ti jókòó sí èbúté. Gbogbo ilé ní Pointe-Cormorane, ìlú wa, ló ti sọ yàrá ọmọ di yàrá àlejò. Àwa náà ra ọkọ̀ kékeré kan, Edmée ọmọ wa sì lọ gba ìwé ẹ̀rí tó fi lè máa gbé èrò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, òun nìkan la sì bí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni Ariwo. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ìlú á tú síta pẹ̀lú ìkòkò, ìdérí ìkòkò, fèrè àti àgbá. Ọkọ̀ orí omi á máa fọn hóònù, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á máa ró láìdúró. Nígbà ogun àtijọ́, àwọn tó lé àwọn baba-ńlá wa kúrò nílẹ̀ rò pé àwọn ti pa ohùn wa run; ìdáhùn wa nìyẹn. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àlejò ló wọ ìlú tí kò ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn. Kò sí ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí.

Èèyàn méjìlá ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ aago mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ni Màdáámù Kowalchuk, ìyá àgbà kan láti Winnipeg, tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò lópin. Ó tọ́ka sí ìlà funfun kan tó nà gbọọrọ lókèèrè, níbi tí òkun ti pàdé ọ̀run.

"Kùrukùru nìyẹn? Ṣé ó wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o, Màdáámù. Èènì la fi ń ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ìkarahun baba ọkọ mi lọ́wọ́ Edmée. Ìkarahun òkun ńlá ni, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀, tí àwọn àgbà máa ń fọn nínú kùrukùru kí ọkọ̀ má baà kọlu ọkọ̀. Lónìí, ọjọ́ Ariwo nìkan la ń fọn ọ́n. Màdáámù gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi pọ́n, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo fi í rẹ́rìn-ín lójú àwọn èrò. Edmée kò rẹ́rìn-ín. Ìlà funfun yẹn ló ń wò.

"Màmá, nǹkan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ìyẹn á tú ká kí ẹ tó débẹ̀. Àbí o fẹ́ kí n dá owó èèyàn méjìlá padà lọ́jọ́ tó dáa jù nínú ọdún?"

Ó tú okùn, ó yí ọkọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, sí ibi tí oòrùn ń yí sí, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, wọ́n sì lọ. Mo juwọ́. Ẹnu mi tí mo fi sọ̀rọ̀ yẹn, mo ti bú u ju bí mo ṣe bú ọ̀tá lọ.

Kùrukùru náà kò tú ká. Kí aago márùn-ún tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò rí ìparí èbúté mọ́. Nígbà tó di aago márùn-ún àbọ̀, fóònù mi dún.

"Màmá, okùn ti wé mọ́ abẹ́bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi." Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá burú gan-an ló fi sọ ọ́. "Okùn ìgèrè tí ẹnìkan fi sílẹ̀ sómi ni. Ó fa ọ̀pá abẹ́bẹ̀ yẹn yọ, omi ń wọlé, bátìrì ti rì, rédíò ò ṣiṣẹ́, hóònù ò ṣiṣẹ́. Mo ju ìdákọ̀ró, kò mú ilẹ̀. Mi ò mọ ibi tí a wà. Mo ń gbọ́ omi tó ń fọ́ lára àpáta. Ẹ sọ fún Bàbá pé…"

Ó já. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àlejò ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí fóònù wọn lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù mi kò sì rí ọ̀nà. Àpáta kan ṣoṣo ló wà níhà ibẹ̀ tí omi ń fọ́ lára rẹ̀, orúkọ baba-ńlá ọkọ mi la sì fi ń pè é, nítorí ibẹ̀ ni Livain kú sí.

Nígbà tí mo sọ fún Médric, kò béèrè ohunkóhun lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ edé rẹ̀, ó fi wọ́kítọ́kí kan lé mi lọ́wọ́, ó wọnú funfun yẹn lọ. Mo pe àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn á dé ní wákàtí kan ó lé. Wákàtí kan! Omi ń fà lọ sápá àpáta, ọmọ mi sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn méjìlá tí èmi fúnra mi já tíkẹ́ẹ̀tì fún.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ariwo bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ti wà láyé, mi ò tíì pa Ariwo jẹ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọdé ń lu ọpọ́n, àwọn ọkùnrin ń fọn ìkarahun, bí ogójì wọn, gbogbo ọkọ̀ èbúté ń ké, agogo ń ró lórí gbogbo rẹ̀. Mo fi wọ́kítọ́kí lé etí.

"Aldéa." Médric ni. "Mo ti wà níta. Ẹ̀rọ tó ń bá wa ríran nínú kùrukùru yìí kò wúlò níbí, àpáta àti ọkọ̀ dà pọ̀ lójú rẹ̀ bí èkúrú. Etí nìkan ló kù fún mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń gbọ́. Pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́…"

"Mi ò mọ̀. Edmée ní ìkarahun bàbá mi lọ́wọ́. Yóò máa fọn ọ́n. Pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Mo sáré lọ sórí pèpéle, mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Gaëtan tó ń darí ayẹyẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́, ọkọ̀ kan wà nínú ewu." Ohùn mi kò lọ ju ìlà kejì. Àwọn tó gbọ́ rò pé ara eré ni. "Ẹ dákẹ́ kẹ̀! A ò ní dákẹ́!" ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ohun tí a ti kọ́ àlejò láti máa sọ lọ́dọọdún nìyẹn, wọ́n sì túbọ̀ lù ú. Ọkùnrin kan fi ìdérí ìkòkò lu ìdérí ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo fẹ́ gbá a lójú. Omijé ti bò mí lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo gbójú sókè, mo rí ilé agogo.

Ní ìlú wa, bí agogo òkú bá dún, ohun gbogbo dúró. Ọkùnrin á ṣí fìlà, obìnrin á gbé ṣíbí sílẹ̀, ọkọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí á fi parí, nítorí ńṣe là ń kà á. Mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni fún ọkùnrin, méjì-méjì lọ́nà méjì fún obìnrin. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí ẹni tó lọ, ìró kan fún ọdún kan, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tó gùn láàárín wọn. Bí o bá kà á dópin, o ti mọ ẹni tó kú kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ fún ọ. Kí ọmọ wa tó mọ ìwé kà ló ti mọ agogo kà.

Mo sáré gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Odias, alágogo wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ń fa okùn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, aṣọ wọn ti rin gbingbin.

"Bàbá Odias, ẹ dá a dúró."

"Ta ló rán ẹ? Mi ò tíì gbóná rárá."

Mo sọ fún wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi okùn sílẹ̀.

"Kí ẹ kàn dá a dúró kò tó," mo ní. "Wọn ò ní mọ̀. Agogo òkú ni kí ẹ lù."

"Fún ta ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Aldéa, a kì í lu agogo òkú fún ààyè. Ẹni tí a bá lù ú fún máa ń dáhùn."

"Ẹ lù ú, Bàbá. Mo bẹ̀ yín."

"Mi ò ní fọwọ́ mi lù ú. Mo ti lù ú fún ìyàwó mi, mo ti lù ú fún ọmọ mi, mo mọ ohun tó jẹ́." Wọ́n nu okùn náà pẹ̀lú aṣọ wọn, wọ́n sì nà án sí mi. "Àmọ́ mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Tí o bá ti bẹ̀rẹ̀, o ò gbọdọ̀ já a láàárín. Ọjọ́ orí tó bá pé ni kí o fi parí ẹ."

Mo fà á. Méjì. Mo dúró. Méjì.

Obìnrin ni. Nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi sí iná, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí èbúté. Ìkarahun dákẹ́, hóònù dákẹ́. Àwọn àlejò rí àwọn onílùú tó ń ṣí fìlà, àwọn náà sì dákẹ́ láìmọ ìdí. Nígbà tí mo fi fa ẹ̀ẹ̀kẹwàá ti ọjọ́ orí, mo ń gbọ́ àsíá tó ń lu ara rẹ̀ lórí òpó. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ Ariwo.

Wọ́kítọ́kí ní, "Wọ́n ti dákẹ́. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni kankan. Èmi ni mò ń lù ú. Tẹ́tí."

Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárín ìró kan àti èkejì, mo ń gbọ́ èémí ọkọ mi.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní.

Ogún. Mọ́kànlélógún.

"Aldéa, kò sí nǹkan kan. Omi nìkan ni."

Edmée ní ìkarahun lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n fọn láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá wà láàyè, yóò fọn ọ́n. Ohun tí Bàbá Odias sọ ń yí lórí mi: ẹni tí a bá lù ú fún máa ń dáhùn. Mẹ́rìnlélógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, gbogbo Pointe-Cormorane ti mọ orúkọ tí mo pè. Ọwọ́ mi kọ̀ láti dúró. Mo fà á sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ orí kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fi parí rẹ̀. Bàbá Odias náà mọ̀. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n dojú kọ ògiri.

Ọgbọ̀n. Márùndínlógójì. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Ogójì. Ní mẹ́tàlélógójì, Médric sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Nǹkan kan ń dún."

"Ìkarahun?"

"Ìkarahun ni. Àmọ́ Edmée kọ́ ló ń fọn ọ́n. Ẹni yìí ò mọ̀ ọ́n rárá, bí ọmọ màlúù tó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe." Mo gbọ́ bó ṣe ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. "Má dá a dúró. Mo ń lọ."

Bí Edmée kọ́ bá ni, níbo ni Edmée wà? Kí ló dé tí ìkarahun fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Mo rí i nínú omi, nísàlẹ̀ ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fẹ́ fi gé okùn, pẹ̀lú irun rẹ̀ tó tú ká. Mo ń rí i, mo sì ń fa okùn. Mo fà á dé mẹ́rìnléláàádọ́ta, mo wá fi í sílẹ̀. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ orúkọ mi, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí mo dé èbúté, àwọn èèyàn ń yà fún mi bí ẹni rí òkú tó ń rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. A dúró. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì Médric, imú ọkọ̀ rẹ̀ sì yọ jáde nínú funfun náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè. Màdáámù Kowalchuk ló kọ́kọ́ gòkè, pẹ̀lú ìkarahun lábíyá, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ó kàn dákẹ́ ni," ló sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. "Ọmọbìnrin yẹn ti ń fọn ọ́n látìgbà tí ọkọ̀ ti kọṣẹ́, kò sinmi. Agogo wá dún, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Mo pè é, pè é, kò dáhùn. Ni mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń jáde, mo ṣáà ń fẹ́ ẹ títí ó fi dún. Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa?"

Mo ń kà lọ. Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Mẹ́jọ. Mọ́kànlá. Méjìlá. Lẹ́yìn méjìlá, kò sẹ́ni tó gòkè fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé.

Edmée gòkè. Ó dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi, kò súnmọ́ mi.

"Màmá?"

"Èmi ni."

Ó na ọwọ́, ó fi ìka tútù rẹ̀, tó ń rùn bí okùn ọkọ̀, kan ojú mi, imú mi, ẹnu mi. Ìgbà náà ló tó sunkún.

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo kà," ó ní. "Ọwọ́ mi ṣí fìlà kí n tó mọ̀. Mo bi ara mi pé, ta ló kú lọ́jọ́ Ariwo? Mo ní kí n kàn gbọ́ ẹni náà, kí n tó máa fọn ọ́n lọ. Ó kọjá ogójì, ó kọjá àádọ́ta, ó wá dúró lórí yín. Mi ò rí àpáta mọ́, Màmá. Ẹ̀yin ni mò ń sunkún."

Médric ń di ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀, òun lè na ọwọ́ fi kan àpáta Livain.

"Ta ni wọ́n lù ú fún gan-an?" Edmée béèrè.

"Ìwọ," mo ní. "Ìwọ ni mo gun òkè fún. Nígbà tó dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ mi kọ̀, kò dúró. Mi ò lè fẹnu ara mi pe ikú sí ẹ. Mo fi tèmi dípò."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́.

"Ká ní ó dúró lórí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ǹ bá ti mọ̀ pé èmi lẹ ń wá. Ǹ bá ti fọn ọ́n títí ẹ̀dọ̀fóró mi fi máa já."

Èbúté ṣì dákẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ lu ìkòkò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kò sì dún létí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo di ọmọ mi mú.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ni n ó pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí n ó fi kọjá iye tí mo lù. Mo ń ka ọjọ́, n ò purọ́. Bí Bàbá Odias bá rí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá ó kanlẹ̀, kí wọ́n tó wojú mi. A ti fa ọkọ̀ kékeré wálé, a ti tún un ṣe, àlejò ṣì ń bọ̀, mo sì ti fi ọ̀dà funfun pa ohun tí mo kọ sára pátákó rẹ́. Edmée ń jáde lọ sójú omi láràárọ̀. Ní gbogbo ìdajì wákàtí, wọ́kítọ́kí tó wà nínú ìsọ̀ mi á dún.

"Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

Kì í sọ nǹkan mìíràn. Á pa á, èmi náà á sì máa ta tíkẹ́ẹ̀tì mi lọ.